Àlàbí, ilé tí kò nílẹ̀kùn ní onílé

Àlàbí ọmọ mi,

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjọ̀, báwo ni ilé ẹ̀kọ́? Ìyá rẹ ń kí ọ. Àbúrò rẹ náà ń kí ọ. Òun ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù, torí ojú mi kò gbé lẹ́tà wínníwínní mọ́. N kò fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́. Bí mo bá gba ohùn sílẹ̀, o ó gbọ́ ìdajì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á gbọ́ ìdajì yòókù. Èyí, ìwọ nìkan ni kí o jókòó kà á. Má sì jẹ́ kí àyà rẹ já, ara gbogbo wa le níbí.

Fídíò tí o gbé sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló fà á. Ẹ jó dáadáa. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi pe ìyá ojúlé kejì wá wò ó. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni bàbá rẹ. Ẹsẹ̀ yín ni wọ́n ń wò, òkè ni èmi ń wò. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, mo ní kí àbúrò rẹ dá a dúró, mo fi ìka fẹ àwòrán náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó wà lẹ́yìn yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú ilé onílé tí wọ́n ń tún ṣe lẹ ti ń jó. Wọ́n ti ṣí páànù apá ẹ̀yìn. Wọ́n ti wó ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá tó tẹ̀ lé e kí pálọ̀ lè fẹ̀, wọ́n sì ti da bíìmù tuntun síbi tí ògiri yẹn ti ń ru ẹrù tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti tú pákó ẹ̀gbẹ́ bíìmù náà, ti abẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọparun ló sì gbé e dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, èyí tó dé fìlà pupa, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó tó yọ lára ọ̀kan nínú àwọn ọparun náà. Ìwọ náà, ọmọ tí mo bí, nígbà tí orin gbóná, o fẹ̀yìn ti òmíràn, o ń fi èjìká gbá a. Mo wo ibẹ̀ léraléra. Ọparun yẹn mì. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju pákó pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n há sí i lẹ́sẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lórí yín fún ọ. Bíìmù tó gùn tó mítà mẹ́rin, tó fẹ̀ tó búlọ́ọ̀kù náìnì íǹṣì, tó sì jìn ní ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan. Àpò sìmẹ́ńtì 20 nìyẹn, kó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọnkéré kì í sì í gbó lọ́jọ́ tí a bá dà á. Ọjọ́ 28 la máa ń kà fún un kí agbára rẹ̀ tó pé, ìdí nìyẹn tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igi abẹ́ rẹ̀. Bí àwọ̀ èyí ṣe rí nínú fídíò, tó ṣì ṣú dùdù, n kò rò pé ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ rí tó fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rù ilé tuntun tó bí a ṣe ń bẹ̀rù ilé tí wọ́n ń tún ṣe. Ilé tuntun, a mọ ìgbà tí a to búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Ilé àtijọ́ tí wọ́n ṣí lórí, tí wọ́n gbẹ́ nídìí, kò sí ẹni tó lè sọ̀yà pé òun mọ ohun tó ń ru ohun tó wà lókè. Wọ́n pè mí sí iṣẹ́ kan nítòsí Àjàṣẹ́-Ìpo lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ilé alámọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára tipẹ́tipẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò á fi rò pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Onílé ti mú ẹlòmíràn ṣí gbogbo páànù rẹ̀ kó tó ránṣẹ́ sí mi. (Irú èyí a máa bí mi nínú: wọ́n á kọ́kọ́ wá ẹni tí owó rẹ̀ kéré, bí ó bá bà á jẹ́ tán, wọ́n á wá rántí ẹ̀gbọ́n.) Kí n tó dé ibẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru. Amọ̀ mu omi láti òkè, sìmẹ́ńtì tó wà níta kò jẹ́ kí omi náà rí ọ̀nà jáde, nígbà tó fi máa di ìdájí, odindi ògiri ẹ̀gbẹ́ kan ti dùbúlẹ̀ gbalaja. Ewúrẹ́ méjì tó sá fún òjò lọ síbẹ̀ ló kú sábẹ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri yẹn gan-an.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O ó ní, "Bàbá, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà." Ẹnì kan wà níbẹ̀. Nígbà tí fídíò náà ń parí lọ, tí ẹni tó ń yà yín yí fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn àpò sìmẹ́ńtì kan hàn tí wọ́n tò sórí pákó. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n ká ẹní kan sí, bútà aláwọ̀ ewé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ń sùn nínú ilé yẹn, Àlàbí. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe àlùwàlá, ibẹ̀ ló ti ń kírun. Ó lè jẹ́ lébírà tí kò rówó ọkọ̀ lọ sílé lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ ọlọ́dẹ tí wọ́n gbà síbẹ̀ tó lọ jẹun. Bó ṣe wù kó jẹ́, nígbà tó dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bá ìdí sìgá, ó bá ipa bàtà kiri inú yanrìn, ó bá ọ̀rá omi tí ẹ mu tí ẹ jù sílẹ̀. Ṣé ẹ rò pé oorun ló sùn? Ẹni tó ń sùn nílé tí kò nílẹ̀kùn kì í sùn láìfi àdá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá tún padà lọ, tí ó wà níbẹ̀, tí ó gbọ́ ohùn ọkùnrin mẹ́rin nínú òkùnkùn, kò ní dúró béèrè bóyá ijó lẹ wá jó. Ẹ̀rù á bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá sì bà, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló ń bà.

O ó tún ní kò sí ìlẹ̀kùn, kò sí géètì, gbayawu ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìlẹ̀kùn wà lára ohun tó ń kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ilé. A kì í gbé ìlẹ̀kùn kọ́ nígbà tí pákó àti bárò yanrìn ṣì ń wọlé tó ń jáde. Wọ́n á fi hó o lára, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ gbé lọ. Nítorí náà, ibi tí ẹ rí tí kò nílẹ̀kùn yẹn, ibi iṣẹ́ ni, iṣẹ́ náà kò sì tíì tán. Kò sọ ọ́ di ìgboro. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ̀yin kì í sáà ṣe aláǹgbá.

Nílé wa níbí, o mọ̀ pé a kì í wọlé onílé láìkágò. Ọmọ ọdún mẹ́ta lo wà tí ìyá àgbà ti ń kọ́ ọ pé kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o ní, "Ẹ kágò o." Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, ìta là ń dúró sí. Tó bá sì jẹ́ oko ni, ààlè ló ń sọ̀rọ̀ fún olóko tí kò sí nítòsí: màrìwò, àkísà, ìkarahun ìgbín, ṣúkù àgbàdo tí wọ́n so mọ́ igi. Kò sí odi, kò sí wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i mọ̀ pé nǹkan yìí lólúwa. Nísinsìnyí, ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára fẹ́ńsì pé ilé yìí kì í ṣe títà. Yanrìn tí wọ́n kó jọ síwájú ilé, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò, igi tí wọ́n gbé dúró, gbogbo rẹ̀ ni ààlè fún ẹni tó bá lójú.

Onílé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, n kò ní tìtorí pé mo ń bá ọ wí kí n gbè é. Ilé tí wọ́n ń tún ṣe tí iṣẹ́ dúró nínú rẹ̀, pákó àlòkù mẹ́ta àti ìṣó díẹ̀ ti tó láti fi kan ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa. Èmi kì í kúrò níbi iṣẹ́ tí a bá máa dá dúró láìkàn án, bí onílé fẹ́ bí onílé kọ̀. Bóyá ẹni náà wà lókè òkun tó ń fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó gbà pé ẹ̀gbọ́n òun ń bójú tó o. Mo mọ irú wọn dáadáa. Wọ́n á fi oṣù mẹ́fà kó owó páànù jọ, wọ́n á fi oṣù mẹ́fà mìíràn kó ti sílíǹ. Wọ́n a máa mọ iye búlọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀ ju àwa tí a wà níbẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. O ó ní ẹ ò mú nǹkan kan. Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi ni ọ́, n kò kọ́ ọ lólè. Ohun tó sọnù kí ẹ tó débẹ̀ ló ń kó mi láyà sókè. Kò sí ilé tí wọ́n ń tún ṣe tí nǹkan kì í sọnù níbẹ̀. Lónìí, ìdì wáyà ni, lọ́la, táàpù, lọ́tùnla, irin tí wọ́n gé sílẹ̀ fún òpó. Wáyà ni wọ́n fẹ́ràn jù torí kọ́pà inú rẹ̀. Wọ́n á sun rọ́bà ara rẹ̀ dànù, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, wọ́n á fi kílò wọ̀n ọ́n. Ta ló sì ń jí i? Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ni. Mo ti rí lébírà tó ń ju ìdì wáyà sẹ́yìn fẹ́ńsì lọ́sàn-án kó lè padà wá gbé e bí ilẹ̀ bá ṣú. Nígbà tí onílé bá wá pè láti òkè òkun pé kí wọ́n ka ohun tó wà nílẹ̀ fún òun, tí iye rẹ̀ kò pé, fọ́máànù á wá ẹni tí yóò rù ú. Ọdún kan ló lè fi máa wá a. Ẹ̀yin wá gbé ara yín fún un nínú fídíò: ọmọkùnrin mẹ́rin, ojú wọn hàn kedere, ọjọ́ wà lórí rẹ̀, wákàtí wà lórí rẹ̀, ilé náà wà lẹ́yìn wọn. Gbogbo ohun tó ti sọnù láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ di tiyín nìyẹn, títí kan èyí tí fọ́máànù fúnra rẹ̀ tà. Ajá tó bá rìn lásìkò tí ebi ń pa ẹkùn, ẹran àjẹsùn ni.

Òfin ń kọ́? Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe agbẹjọ́rò. Ó ní ní Kwara níbí, Penal Code ti Àríwá là ń lò láti ọdún 1960, kì í ṣe Criminal Code tí wọ́n ń lò ní Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Ó ní nínú òfin yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn wọ ohun ìní tó wà níkàáwọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú èrò àtidáràn, tàbí láti dẹ́rù bà á, láti rí i fín, tàbí láti bí i nínú. Ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Bó bá jẹ́ ilé tí èèyàn ń gbé, tàbí ilé tí wọ́n ń kó ẹrù pa mọ́ sí, orúkọ rẹ̀ tún yàtọ̀ nínú ìwé òfin. Mo rántí ẹní, mo rántí bútà, mo rántí àpò sìmẹ́ńtì, mo dákẹ́. Ó ní kí n má mikàn, pé ẹni tó bá mọṣẹ́ lè dúró ní kóòtù kó sọ pé àwọn ọmọ yìí kò ní èrò ibi, kí adájọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ẹnu ọ̀nà ilé yẹn dé iwájú adájọ́. Òfin orílẹ̀-èdè ní tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, kó má kọjá ọjọ́ kan kí wọ́n tó gbé e dé ibẹ̀. Jímọ̀ lẹ lọ. Ta ló ń jókòó ní kóòtù lọ́jọ́ Sátidé? Wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri tèsàn pé béèlì ọ̀fẹ́ ni, ìyá rẹ á sì máa ta aṣọ òkè rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ̀bi ohunkóhun náà ń sùn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Òkè Kúrá, tó ń dúró de ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ á kàn.

Ọlọ́pàá pàápàá, àánú ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun mìíràn tó lè ṣẹlẹ̀. Bí ẹnì kan ládùúgbò tí wọ́n ti jí ẹ̀rọ ìfami rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá bá rí yín tí ẹ ń yọ jáde nínú òkùnkùn, tó pariwo olè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó máa béèrè káàdì ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ ń sá lọ ni wọ́n á fi mọ̀ pé olè ni yín. Ẹ dúró, wọ́n á ní ẹ láyà. N kò fẹ́ kọ ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn, torí àbúrò rẹ ló ń tẹ̀ ẹ́.

Mo rí ọmọbìnrin kan láàárín yín. N kò mọ ọmọ ta ni, ó sì jọ ọmọ gidi. Ṣé o ti rò ó pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i nínú ilé yẹn, bóyá ẹ̀yin lẹ ṣe é o, bóyá ẹlòmíràn ló fara pa mọ́ síbẹ̀, ìwọ ni wọ́n á bi pé ta ló mú un wá? Ìyá rẹ ní kí n fi èyí sí i. Ó ní kí n kọ ọ́ gbàgàdà.

Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ náà ń kọ́? Sọ́káwéè ni mo fẹ́ kí o bẹ̀rù jù. Bí wọ́n bá ń tún ilé ṣe, wọ́n sábà máa ń ṣí ti àtijọ́ láti kó o tàbí láti gbẹ́ òmíràn, tí owó bá sì tán, wọ́n á gbé páànù àlòkù bò ó, òjò á kó yẹ̀pẹ̀ lé e, koríko á hù lé e lórí. Ẹni tó bá ń rìn lọ lálẹ́ kò lè mọ̀. Tó bá já sínú rẹ̀, kì í ṣe jíjìn rẹ̀ nìkan ló ń pa èèyàn. Afẹ́fẹ́ burúkú wà níbẹ̀ tó máa ń dá èèyàn kú ní kíákíá, ọ̀rẹ́ tó bá sì bẹ́ sínú rẹ̀ láti gbé e, òun náà kì í jáde. Báyìí ni èèyàn méjì, èèyàn mẹ́ta, ṣe ń lọ nínú ihò kan ṣoṣo. Bí o bá rí irú rẹ̀ níbikíbi láyé rẹ, má bẹ́ wọ ibẹ̀. Pariwo, wá okùn, wá àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wáyà tó so rọ̀ lára ògiri, má rò pé kò níná nínú torí pé NEPA ò mú iná wá nígbà tí ẹ dé. Wọ́n lè mú un wá nígbà tí ọwọ́ rẹ wà lára rẹ̀. Ìṣó tó ti dípẹtà lára pákó tó dojú kọ òkè, sílípáàsì tí ẹ wọ̀ yẹn kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gún ẹnikẹ́ni nínú yín lọ́jọ́ náà, kó lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lónìí, kó má fi epo pupa pa á kó dákẹ́. Àwọn sílíǹ funfun tó fọ́ sílẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ fọ́ bí ẹ ṣe ń jó, mo fura pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni. Àwọn ilé ayé àtijọ́ kún fún un. Eruku rẹ̀ kì í ṣe èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbé ẹ̀dọ̀fóró jà. Àwa tí a jẹ ẹ́ nídìí iṣẹ́ rí owó gbà lé e.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò rò. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ tún gbé fídíò náà sórí TikTok (àbúrò rẹ ló fi hàn mí), ẹ fi han gbogbo ayé pé ilé kan wà ní Táńkẹ́ nílùú Ìlọrin tí kò nílẹ̀kùn, tí sìmẹ́ńtì wà nínú rẹ̀, tí wáyà tuntun wà lára ògiri rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yín á mọ géètì aláwọ̀ búlúù tó wà lódìkejì. Ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹ kò jalè, ẹ kàn fi ọ̀nà ilé han olè ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Kí ọ̀rẹ́ rẹ yọ fídíò náà kúrò lórí TikTok lónìí. Èyí tó wà lórí WhatsApp rẹ ti kúrò fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ṣì wà nínú fóònù rẹ. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ jí nǹkan, òun ló máa fi hàn pé ọwọ́ òfo lẹ fi wọlé tí ẹ fi jáde. Má padà síbẹ̀ rárá, bí ẹ tilẹ̀ gbàgbé ṣájà síbẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ gbàgbé fóònù. Bí ẹ bá sì pàdé ọlọ́pàá tàbí fijilanté lórí ọ̀rọ̀ yìí, má sá, má jiyàn, sọ orúkọ rẹ, pè mí. O lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí agbẹjọ́rò á fi dé. Má fọwọ́ sí ìwé tí o kò kà, wọn ì báà ní kékeré ni.

Tó bá jẹ́ atẹ́gùn àti ibi gíga lẹ̀ ń wá fún fídíò yín, ẹ gun Òkè Sóbì lọ́sàn-án gangan, kò sí bíìmù lórí ibẹ̀. Ẹ ṣáà má yà sí bárékè àwọn ṣọ́jà tó wà nítòsí ibẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ fẹ́ dandan, ẹ wá onílé rí, kí ẹ béèrè, kó fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kí ọ̀rọ̀ lè wà nílẹ̀. Àwọn míì á gbà. Èmi tí mo ń kọ́ ilé, bí ọmọ kan bá wá bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lọ́sàn-án, n óò fi ibi tó lè dúró sí hàn án, n óò sì fún un ní fìlà líle.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo ń bọ̀ nílùú Ìlọrin. Èmi àti ìwọ la jọ máa lọ bá ẹni tó ń bójú tó ilé náà. Wádìí orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ọ̀rá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn ló máa ń mọ̀. Ìwọ ló máa sọ̀rọ̀, èmi á dúró tì ọ́. O ó ní ẹ wọlé láìgbàṣẹ, ẹ bẹ̀ ẹ́, pé ọparun kan ti ṣí nídìí, kí bíríkìlà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ọparun yẹn, bó fẹ́ bínú, kó bínú. Mo ń gbé òòlù àti ìṣó mi bọ̀. Bó bá gbà fún wa, a ó kan ẹnu ọ̀nà yẹn pa fún un lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni yóò máa bá mi di pákó mú. Sọ fún wọn kí wọ́n wọ bàtà tó ní ìsàlẹ̀ líle.

Pàdé mi ní gáréèjì Ọ̀fà ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà tí ìyá rẹ dì fún ọ pọ̀, mú àpò ńlá dání.

Èmi ni bàbá rẹ.